Bọ́ọ̀lù Tí Mi Ò Lè Jù Mọ́ Bàbá Mi

Ní pápá ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Ìlọrà, àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní bésíbọ́ọ̀lù máa ń kúnlẹ̀ kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù sí mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni o, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Àwọn ọkùnrin á fọwọ́ kan ilẹ̀, àwọn obìnrin á kúnlẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yọ̀ǹda fún wa." Èmi náà á ní, "Mo yọ̀ǹda. Ẹni tó bá rọra jù ú lónìí, èmi àti olúwarẹ̀ ni." Bí àlejò bá rí wa, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń rín wa. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí bóyá àdúrà la fi ń ṣe. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, torí inú mi máa ń tètè ru, mo sì mọ irú ọ̀rọ̀ tí ì bá jáde lẹ́nu mi. Ibi tí ìkúnlẹ̀ yẹn ti wá ni mo fẹ́ sọ.

Fìdítì ni wọ́n bí mi sí, inú ọsàn ni mo dàgbà sí. Ẹ̀yìnkùlé wa gan-an ni oko ọsàn bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀. Nílé wa, a kì í jẹ́ kí ọsàn já lulẹ̀. Ọsàn tó bá ti balẹ̀ ti fara pa nìyẹn, ẹ máa rí i pé kò ní pẹ́ rà. Nítorí náà, ẹnì kan á gun igi, ẹnì kan á dúró nísàlẹ̀. Ti òkè á máa já a, á máa sọ ọ́ sílẹ̀, ti ìsàlẹ̀ á máa hán an. Èmi ni mo máa ń gun igi. Bàbá mi ló máa ń wà nísàlẹ̀.

Ẹ ò rí ọwọ́ ọkùnrin yẹn! Ọsàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọ jáde láàárín ewé, ọwọ́ wọn á ti dé ibẹ̀ dè é. Wọ́n á máa bá ará ọ̀nà sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí igi, wọ́n á béèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ, wọ́n á sì hán an. Wọn kì í wo apẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó jù ú sínú rẹ̀. Nígbà míì, èmi á mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ gba ọ̀tún nígbà tí wọ́n ń retí rẹ̀ lósì, kí n lè rí wọn mú. Ó tì o. Wọ́n á kàn hán an, wọ́n á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò níṣẹ́." Èmi á dúró lórí igi, ẹnu mi á là sílẹ̀.

Kíláàsì kẹrin ni mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí tíṣà eré ìdárayá tuntun kan dé. Ọmọ Awẹ́ ni wọ́n, ọ̀kadà ló máa ń gbé wọn wá láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé àpò ńlá kan wá. Igi gígùn kan tó ń dán ló wà nínú ẹ̀, ìbọ̀wọ́ awọ méjì, àti bọ́ọ̀lù funfun mẹ́ta. Bọ́ọ̀lù yẹn kéré, ọwọ́ kan gbà á, àmọ́ ó le bí òkúta, òwú pupa ni wọ́n sì fi rán an yíká. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ ohun tó ń jẹ́ bésíbọ́ọ̀lù. Tíṣà ní ẹnì kan á dúró lórí òkìtì, á ju bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan á di igi mú, á fẹ́ fi lù ú. Ẹnì kẹta á lóṣòó sẹ́yìn onígi, á hán bọ́ọ̀lù náà bí onígi ò bá rí i lù. "Ọwọ́ ẹni tó ń jù ú ni gbogbo eré yìí wà," báyìí ni wọ́n wí.

Wọ́n ní kí oníkálukú wá jù ú lu ògiri ká wò ó. Ó kàn mí. Mo ti sọ òkúta rí, mo ti sọ ọsàn tó rà rí, mo rò pé nǹkan kan náà ni. Mo jù ú. Háà! Bọ́ọ̀lù yẹn fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó dún fìì, kí n tó ṣẹ́jú, ó ti lu ògiri, síméńtì fò kúrò lára rẹ̀. Tíṣà ní, "Ta ló jù ú?" Mo ti rò pé wọ́n máa ní kí n wá san owó ògiri ìjọba, ni mo bá ní, "Èmi kọ́ o, sà."

Bí ìkọ́nilẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Orí fóònù wọn ni Tíṣà ti ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n á wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe rí i. Wọ́n á ní kí n fi orúnkún kan kúnlẹ̀, kí n fi ọwọ́ òsì di ìgúnpá ọ̀tún mú ṣinṣin, kó jẹ́ ọrùn ọwọ́ nìkan ni mo máa fi ta bọ́ọ̀lù sí ọ̀rẹ́ mi tó dúró níwájú. Bá a bá ṣe ìyẹn tán, màá gbé ẹsẹ̀ òsì sókè, màá dúró lórí ẹsẹ̀ kan títí Tíṣà á fi ka ení dé ẹ̀wá. Mo ṣubú débi tí àwọn ọmọ kíláàsì mi fi ń wá ibi jókòó kí wọ́n lè ráyè rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan táwẹ́ẹ̀lì. Màá di etí táwẹ́ẹ̀lì mú, màá ṣe bí ẹni pé bọ́ọ̀lù ni, etí kejì sì gbọ́dọ̀ na àga tó wà níwájú mi, kó dún pàá. Bí apá mi bá gba ibi tí kò yẹ kó gbà, táwẹ́ẹ̀lì á kàn fì lásán, kò ní kan àga. Mo ń fi táwẹ́ẹ̀lì na àga nílé, mò ń fi na ilẹ̀kùn, àwọn ará ilé ní mo ti ya wèrè.

Bàbá mi fún mi ní táyà ọ̀kadà kan tó ti gbó, mo so ó mọ́ ẹ̀ka igi ọsàn. Àwọn ọsàn wẹ́wẹ́ tútù tí atẹ́gùn ń gbọ̀n dànù ni mo ń sà jọ, tí mò ń jù gba inú ihò táyà náà kọjá. Tíṣà tún ní kí n na okùn méjì sáàárín igi méjì, ọ̀kan kó ga dé orúnkún, èkejì kó ga dé àyà, kí bọ́ọ̀lù máa gba àárín wọn. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Èmi tí mo rò pé apá ni wọ́n fi ń ju nǹkan! Ẹsẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Agbára á ti inú ilẹ̀ wá, á gba itan, á gba ìbàdí, á gba èjìká, orí ìka méjì ni á ti jáde. Bí mo bá sì yí ìka méjèèjì yẹn díẹ̀ báyìí lórí òwú pupa, bọ́ọ̀lù á máa lọ tààrà, á wá kù díẹ̀ kó dé, á já wálẹ̀ lójijì bí ẹni pé ó rántí nǹkan tó gbàgbé sílé. Subuhánálláhì! Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀, mo sáré lọ gbé bọ́ọ̀lù náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò yíká. Ọwọ́ mi tí mo fi ń fọ abọ́ náà ló ṣe irú ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ló ń hán an fún mi látìbẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ mi ni, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Ìbàdàn, ni Tíṣà bá wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n lóṣòó sẹ́yìn pákó tá a fi sàmì síbi tí onígi ń dúró. Mo jù ú. Bọ́ọ̀lù náà lọ jẹ́ẹ́jẹ́, ó rọra bọ́ sínú ìbọ̀wọ́. Tíṣà ní kí n tún un jù. Jẹ́ẹ́jẹ́ náà ló tún lọ. Wọ́n ní, "Kí ló dé? Bọ́ọ̀lù lò ń jù ni àbí ò ń fún ọmọ ọwọ́ ní búrẹ́dì?" Mi ò mọ ohun tó dé. Mo lọ síbi táyà, ọsàn wẹ́wẹ́ ń kọjá fìì, fìì. Mo padà sọ́dọ̀ Tíṣà, búrẹ́dì.

Gbogbo nǹkan ni wọ́n gbìyànjú. Wọ́n yí bí mo ṣe ń di bọ́ọ̀lù mú padà. Wọ́n ní ìṣísẹ̀ mi ti kúrú jù. Wọ́n dá mi padà sídìí ìkúnlẹ̀ àti táwẹ́ẹ̀lì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àárín ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n mú ìròyìn dé pé wọ́n máa ṣa àwọn ọmọbìnrin tí á ṣojú ìpínlẹ̀ wa nínú bésíbọ́ọ̀lù, pé Ìbàdàn la ti máa lọ dán ara wa wò lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sígbà yẹn. Wọ́n ní bàbá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló máa ń lóṣòó hán bọ́ọ̀lù gbogbo ẹni tó bá fẹ́ jù ú. Ohun tí ọwọ́ bàbá náà bá sọ fún un ló fi ń mú èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ nǹkan yẹn. Mi ò tíì fẹ́ nǹkan kan bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Bí mo bá ń gbálẹ̀, òun ni mò ń rò, bí mo bá ń kírun, ẹ dákun, òun náà ni. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá lọ gbé búrẹ́dì fún bàbá yẹn, ó parí nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá mi ń bọ̀ láti Iwàrè lórí ọ̀kadà wọn, wọ́n yà sí pápá ilé ẹ̀kọ́ wa láti wò mí. Mo ju bọ́ọ̀lù mẹ́ta sí Tíṣà lójú wọn. Nígbà tí ẹ̀kẹta máa fi dé ọwọ́ Tíṣà, bàbá mi ti ń rẹ́rìn-ín débi tí fìlà fi ṣí lórí wọn. Inú bí mi. Omijé ti ń lé sójú mi, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín!

Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde dúró ná."

Tíṣà dìde. Bàbá mi ní kí n jù ú. Mo jù ú, ó dún nínú ìbọ̀wọ́, Tíṣà gbọn ọwọ́ wọn. Bàbá mi ní, "Ẹ tún lóṣòó." Tíṣà lóṣòó, mo jù ú, búrẹ́dì.

"Ẹ ti rí i báyìí?" bàbá mi ní. "Ẹ lóṣòó sílẹ̀ níwájú ọmọ, ọmọ dúró lé yín lórí, ẹ wá ní kó sọ nǹkan líle mọ́ yín láyà. Níbo ló ti fẹ́ rí i ṣe nílé wa? Ẹ̀ẹ̀kan ló na ìwé sí mi lórí ìdúró rí, ojú ẹ̀ rí nǹkan."

Tíṣà gbá orí mú. "Háà! Fóònù ò sọ ọ́!"

Èmi náà ò mọ̀. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu títí dòní nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń sọ pé kúnlẹ̀ kó o tó fún àgbà ní nǹkan, fi ọwọ́ méjèèjì mú un, má ju nǹkan sí mi, ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí? Ara mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e, kò tiẹ̀ bi mí. Mo wo ọwọ́ mi bí ẹni tó ń wo àlejò.

Bàbá mi ní, "Ẹ gbé ìbọ̀wọ́ yẹn fún mi. Èmi ni kó máa jù ú mọ́. Bó bá lè jù ú mọ́ èmi, kò sí àgbà tí kò ní lè jù ú mọ́."

Lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ọkọ́ kó iyẹ̀pẹ̀ jọ di òkìtì lẹ́yìnkùlé wa, wọ́n lọ lóṣòó sábẹ́ igi ọsàn, wọ́n sì na ọwọ́ òsì tí ìbọ̀wọ́ wà. Mo dúró lórí òkìtì. Ẹ wo bàbá mi nísàlẹ̀, orí wọn funfun níwájú, èmi ni mò ń wò wọ́n láti òkè!

Wọ́n ní, "Bó o bá wà lórí igi, ta ló máa ń wà nísàlẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Bàámi."

"Ṣé o máa ń kúnlẹ̀ lórí igi kó o tó sọ ọsàn sí mi?"

"Sísọ ni mò ń sọ ọ́ sílẹ̀, Bàámi. Mi ò sọ ọ́ mọ́ yín."

Wọ́n wá ní, "O wí ire. Sọ̀ kalẹ̀ wá."

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún lé mi lórí, wọ́n ní, "Mo yọ̀ǹda fún ẹ. Ọlọ́run gbọ́, mo yọ̀ǹda. Èyí tó o bá rọra jù ni mo máa bínú sí. Padà lọ."

Mo padà. Mo gbé ẹsẹ̀ sókè, mo dúró títí ara mi fi balẹ̀, mo jẹ́ kó ti ilẹ̀ wá, mo sì jù ú. Gbàà! Gbogbo ẹyẹ orí igi ọsàn tú yáá. Bàbá mi ò mira. Wọ́n wà lórí ìlóṣòó, wọ́n ń wo inú ìbọ̀wọ́, bọ́ọ̀lù náà wà níbẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bíi pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, "Ọlọ́run tóbi." Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó jù ú padà sí mi. Wọ́n ní, "Òmíràn."

Ojoojúmọ́ la ń ṣe é láti ọjọ́ yẹn. Èyí tó lọ sókè, wọ́n hán an. Èyí tó fẹ́ gba ilẹ̀ kọjá, wọ́n hán an. Nígbà tí èyí tó ń já wálẹ̀ lójijì máa fi já níwájú wọn, wọ́n kàn sọ ìbọ̀wọ́ sísàlẹ̀ bí ẹni pé èmi àti àwọn ti jọ ṣàdéhùn ẹ̀. Mo ti rò pé èmi ni mò ń ṣe nǹkan ìyanu lẹ́yìnkùlé yẹn. Nígbà tó yá, mi ò mọ ẹni tó yẹ kó yà mí lẹ́nu mọ́ láàárín àwa méjèèjì.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Sátidé náà, a ń kírun Àsárì nílé. Bàbá mi wà níwájú, èmi wà lẹ́yìn. Nígbà tá a forí kanlẹ̀, mo rí ọwọ́ wọn lórí ẹní. Ti ọ̀tún tẹ́ pẹrẹsẹ. Ti òsì ò tẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi gbé e lélẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ yọ síta, ó wú, ó dúdú, ó sì ti wọ́. Mi ò mọ ohun tí mo kà nínú ìrun yẹn mọ́, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Bá a ṣe sálámà tán, mo ní, "Bàámi, ọwọ́ yín ńkọ́?"

"Ọwọ́ wo?"

"Ti òsì."

"Ṣebí ó wà níbẹ̀."

"Bàámi!"

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ni," wọ́n ní.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́! Èyí tí wọ́n fi ní Ọlọ́run tóbi! Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo bọ́ọ̀lù tí mo ti jù, orí àtàǹpàkò tó ti ṣẹ́ ló ń bà lé, ọkùnrin yìí sì ń sọ pé "Òmíràn." Mo bú sẹ́kún. Mo tún bínú. Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Kí n sọ ọ́, kó o tún padà sídìí fífún mi ní búrẹ́dì?"

Mo ní mi ò ní jù ú lónìí. Mo ní mi ò lọ sí Ìbàdàn mọ́, kí bésíbọ́ọ̀lù máa lọ sílé bàbá ẹni tó ṣe é. Wọ́n jẹ́ kí n pariwo tán. Wọ́n ti jókòó lórí ẹní, wọ́n na ẹsẹ̀.

Wọ́n ní, "Bàbá tó ń dúró dè ẹ́ lọ́la, ọwọ́ tiẹ̀ náà kì í ṣe irin. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó lóṣòó. Gbọ́ mi. Èyí tó o bá rọra jù mọ́ mi, ò ń sọ fún mi pé mi ò lè hán an ni. Láti kékeré ẹ, ǹjẹ́ o rí ọsàn tó já bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí?"

"Rárá, sà."

"Má wá fi mí wọ́lẹ̀ nílé mi. Dìde."

Wọ́n ki ọwọ́ wíwú yẹn bọ inú ìbọ̀wọ́, mo rí bí wọ́n ṣe há eyín pọ̀. Mo kúnlẹ̀, wọ́n yọ̀ǹda. Mo lọ sórí òkìtì, mi ò ríran dáadáa nítorí omijé, mo sì fi gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún mi jù ú mọ́ bàbá mi.

"Òmíràn," wọ́n ní.

Ní Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì, bàbá àgbàlagbà náà ti darúgbó ju bí mo ṣe rò lọ. Irùngbọ̀n wọn funfun báláú, bí wọ́n bá sì fẹ́ lóṣòó, a máa ń gbọ́ bí orúnkún wọn ṣe ń dún. Nígbà tó kàn mí, mi ò lọ sórí òkìtì. Mo rìn lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀rín sọ níbi ọgbà tí àwọn èrò dúró sí. Ẹnì kan ní, "Ẹ wo ará oko!" Ó kù díẹ̀ kí n dìde lọ bá a, ṣùgbọ́n mo gbé e mì.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yọ̀ǹda fún mi."

"Kí ni kí n yọ̀ǹda?"

"Kí n jù ú mọ́ yín."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Mo yọ̀ǹda."

Mo ju àkọ́kọ́, ẹ̀rín dákẹ́. Mo ju ìkejì. Ìkẹta ni mo fi ìka méjì yí, ó ń lọ, ó ń lọ, ó já wálẹ̀, bàbá náà hán an láìjẹ́ kí orúnkún wọn kanlẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n gbọn ọwọ́ wọn léraléra.

"Ta ló ń hán eléyìí fún ẹ nílé?"

Mo nawọ́ sí bàbá mi níbi ọgbà. Wọ́n ti ki ọwọ́ òsì bọ inú àpò dàńṣíkí wọn. Bàbá náà rìn lọ bá wọn, wọ́n kí ara wọn, wọ́n ní, "Ẹ mú un jáde ká rí i." Bàbá mi mú un jáde. Bàbá náà gbé àtàǹpàkò òsì tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi kan náà ni méjèèjì ti wọ́. Wọ́n jọ ń wò ó, lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Orúkọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àtàǹpàkò yẹn ò tọ́ mọ́. Bàbá mi tó jẹ́ pé bí wọ́n bá bó ọsàn, èèpo rẹ̀ kì í já títí wọ́n á fi bó o tán, ọwọ́ òsì wọn ò lè di ọsàn mú fún ọ̀bẹ mọ́. Èmi ni mo máa ń bó o fún wọn bí mo bá ti Ìlọrà wálé ní ọjọ́ Jímọ̀. Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo bó ọ̀kan tán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo dìde kí n lọ kúnlẹ̀, kí n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn bó ṣe yẹ. Wọ́n wà lórí àga wọn lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n sì ti na ọwọ́ òsì yẹn sókè.

"Jù ú wá," wọ́n ní.

"Bàámi, mo ti bó o o, ó ti rọ̀."

"Mo ní jù ú wá. Má sì rọra."

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà, wọ́n mi orí pé wọ́n yọ̀ǹda. Mo dìde, mo jù ú. Wọ́n hán an. Omi ọsàn ṣàn dé ìgúnpá wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún.